Orí Ẹja Tí Adésànyà Pa Nínú Ọyẹ́

Irọ́ ni, ẹ má tún un sọ níwájú ẹni tó mọ̀ mọ́. Ẹ ní ṣe ni Adésànyà ra ẹja yẹn lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀n? Adésànyà wo? Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ra ẹja yìnyín wálé lọ́jọ́ kan, tó wo inú abọ́, tó ní ẹja tó ti rìnrìn àjò ju òun lọ nìyẹn, tó sì fi ata lásán jẹ ẹ̀bà? Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ẹnu ń kùn kiri láti Dùgbẹ̀ dé Ìwó Road pé ó lọ ra ẹja, ó wá pè é ní ẹja ìwọ̀. Ẹni tó máa parọ́ mọ́ èèyàn, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ irú èèyàn tónítọ̀hún jẹ́, kírọ́ náà lè bá a mu. Èyí tí wọ́n pa mọ́ Adésànyà yìí, kò bá a mu rárá. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbé fìlà ọmọ ọwọ́ lé orí géńdé.

Ẹ jẹ́ á bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀.

Adésànyà ń ya fótò ní Agbowó, lódìkejì géètì yunifásítì. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ fi fótò pélébé sórí ìwé tí kò ní jókòó sórí àpótí rẹ̀ níjọ́ kan. Yóò ní, "Gbé àgbọ̀n sókè. Má rẹ́rìn-ín, ilé-ìwé ò fẹ́ ẹ̀rín." Nígbà tí ọmọ náà bá wá ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, yóò sọ ohun kan lábẹ́ imú, ẹ̀rín á sì bọ́. Ìgbà yẹn gan-an ló máa ń tẹ kámẹ́rà. Gbogbo ọmọ tó bá jáde níbẹ̀ ló máa ń dà bí ẹni tó ní àṣírí dáadáa kan nínú fótò. Òun náà mọ̀ pé òun mọ iṣẹ́. Tí o bá sọ fún un pé fótò rẹ̀ dára, kò ní dúpẹ́, yóò ní, "Kí lo ti rò tẹ́lẹ̀?"

Mọ́níyà ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Jóṣúà, bàbá rẹ̀, bíríkìlà ni, èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Àìkú, tí wọ́n bá jẹun tán, á mú ọ̀pá ìwọ̀ méjì kúrò lára ògiri, á sọ ọ̀kan sí ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n á gba ọ̀nà odò. Bàbá náà kì í sọ̀rọ̀ létí omi. Ohun kan ṣoṣo tí Adésànyà rántí pé ó sọ ni pé, "Ẹja ò jẹ ọ́ ní nǹkan kan. Ìwọ lo wá bá a nílé." Adésànyà ní ọ̀rọ̀ yẹn lòun fi kọ́ iṣẹ́ fótò nígbà tóun ń kọ́ṣẹ́ ní Dùgbẹ̀. Ẹni tó jókòó síwájú kámẹ́rà ò jẹ ọ́ ní nǹkan kan, o gbọ́dọ̀ dúró dè é títí yóò fi gbàgbé ara rẹ̀.

Nígbà tó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, tó ní ṣọ́ọ̀bù, tó fẹ́ Túnráyọ̀, tí wọ́n bí Mofẹ́olúwa, ó gbé ìwọ̀ rẹ̀ lọ sí omi Ẹlẹ́yẹlé. Ibẹ̀ ló ti bá àwọn oníwọ̀ pàdé. Àwọn aláwọ̀n lọ́tọ̀, àwọn oníwọ̀ lọ́tọ̀, wọn kì í jọ ṣe ẹgbẹ́. Aláwọ̀n ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, ó ń ju àwọ̀n, ó ń kó ohun tí Ọlọ́run bá fún un. Oníwọ̀ ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹja kan ló ń wá, ọ̀kan náà sì lè máa sá fún un fún odidi ọdún kan. Inú omi yẹn ni ẹja kan wà tí àwọn oníwọ̀ ń pè ní Eléyín. Ẹnu rẹ̀ gùn, eyín kún un bí ayùn, ara rẹ̀ gùn gbọọrọ, ó ní àmì dúdú káàkiri, kì í sì í lúwẹ̀ẹ́ kiri bí àwọn ẹja yòókù. Ibi kan ló máa ń dúró sí nínú koríko omi, bí ọlọ́pàá tó sá sẹ́yìn igi, tó ń retí ẹni tó máa kọjá. Tó bá gé okùn rẹ lẹ́ẹ̀kan, o ò ní gbàgbé. Wáyà tín-ín-rín inú bíréèkì kẹ̀kẹ́ ni Adésànyà ń so mọ́ ìdí ìwọ̀ tirẹ̀, torí eyín yẹn. Òun nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ létí omi náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wáyà yẹn sọ́kàn.

Ní etí omi, Àpáta kan wà tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àga, ọ̀nà gbígbẹ ló sì lọ síbẹ̀. Iwájú rẹ̀ gan-an ni omi ti jìn jù. Ẹni kan ṣoṣo ló gbà. Gbogbo ibi yòókù, ẹrẹ̀ ni, ẹrẹ̀ tó ń fa bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ èèyàn. Nítorí náà ni àwọn àgbà oníwọ̀ ṣe fi òfin lé e. Bí ọyẹ́ àkọ́kọ́ ọdún bá ti dé, Àpáta ò ní onílé mọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pa Eléyín lẹ́yìn ọyẹ́ yẹn ló ni ín títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀. Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé ó pa á, pé kì í ṣe àwọ̀n ló kó o? Yóò gé orí ẹja náà pẹ̀lú ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe gbé e mì, kò ní yà sí ilé ẹnikẹ́ni, ọ̀dọ̀ ẹni tó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́ ni yóò gbé e lọ tààrà. Àgbà yóò wo ojú ìwọ̀, yóò jẹ orí náà. Lọ́jọ́ ìpàdé, yóò dìde, yóò ní, "Mo jẹ ẹ́, mo sì rí ojú ìwọ̀." Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ẹni tó jẹ orí ló ń jẹ́rìí. Kò sí fótò, kò sí ìwé. Wọ́n ní ẹnu àgbà tó bẹ́ẹ̀.

Fún àwọn tó kù, iyì ni Àpáta. Fún Adésànyà, ẹsẹ̀ ni. Ní ọdún kan ṣáájú ọ̀rọ̀ yìí, ó lọ ya fótò ìgbéyàwó kan ní Challenge, ó ń bọ̀ ní Ring Road, ọkọ̀ kan tí bíréèkì rẹ̀ ti já gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹsẹ̀ òsì dá. Wọ́n tò ó, ó jiná, ṣùgbọ́n ó kúrú ju èkejì lọ, tó bá sì dúró sínú ẹrẹ̀ pẹ́, á wú. Dókítà ní kó yé dúró sí ibi tútù. Túnráyọ̀ náà sọ tirẹ̀, ohùn tirẹ̀ sì le ju ti dókítà lọ. Adésànyà dá wọn lóhùn pé ọ̀rọ̀ ti yanjú, òun máa gba Àpáta lọ́dún yìí, òun máa jókòó síbi gbígbẹ bí ọba, òun á máa pẹja títí òjò á fi dé. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ti fún ní kọ́kọ́rọ́ ilé.

Akínbíyìí ló ti ń jókòó lórí Àpáta látẹ̀yìnwá. Ó ń ta pátì ọkọ̀ ní Ìwó Road, ó lówó, ó lẹ́nu, ọ̀pá ìwọ̀ òyìnbó tó ń kọ yanran ló ń lò. A ò ní sọ pé kò mọ ẹja pa. Ó mọ̀ ọ́n. Òtútù ni ò lè fara dà.

Ọyẹ́ àkọ́kọ́ ọdún 1995 dé lóru ọjọ́ Jimọ̀ kan nínú oṣù Kejìlá. Bí atẹ́gùn ṣe yí padà, ilẹ̀kùn ń gbá, páànù ń dún, nígbà tí ilẹ̀ máa mọ́, eruku ti bo ojú ọ̀run, ètè gbogbo èèyàn ti là. Túnráyọ̀ ń fi òrí pa Mofẹ́olúwa lára nígbà tó rí i pé ọkọ rẹ̀ ń di okùn ìwọ̀.

Ó ní, "Bàbá Mofẹ́, ẹja pàápàá ti da aṣọ bora láàárọ̀ yìí."

Adésànyà ní, "Ẹni tó da aṣọ bora náà máa ń jẹun, tí wọ́n bá gbé e dé ẹnu rẹ̀."

Túnráyọ̀ ní kó máa gbé oúnjẹ tirẹ̀ náà dání nígbà yẹn, torí òun ò ní gbé e dé etí omi fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó wọ súwẹ́tà rẹ̀, ó jáde.

Ohun tó sọ fún ìyàwó rẹ̀ yẹn, kì í ṣe àwàdà. Gbogbo oníwọ̀ ló mọ̀ pé bí ọyẹ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹja á pa ẹnu dé. Ojú omi á dákẹ́, Eléyín á wọ inú koríko, kò ní lé nǹkan kan. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń jókòó sílé títí ara omi á fi mọ́ ọn. Adésànyà ní àwọn oníwọ̀ yẹn ni ò rò ó dáadáa. Ó ní ebi ò mọ ọyẹ́. Ẹja náà kò fẹ́ sáré ni, ó sì fẹ́ jẹun. Tí o bá fa ìjẹ kọjá níwájú rẹ̀ bí o ṣe ń fà á nígbà ooru, yóò kàn wò ọ́ bí aṣiwèrè. Ṣùgbọ́n tí o bá fi ẹja kékeré gan-an ṣe ìjẹ, tí o jẹ́ kó lọ sísàlẹ̀, tí o wá ń fà á díẹ̀díẹ̀, bí arúgbó tó ń lọ gba owó ìfẹ̀yìntì, kò ní lè mójú kúrò lára rẹ̀.

Nígbà tó dé Ẹlẹ́yẹlé, àwọn aláwọ̀n ti da ọkọ̀ ojú omi wọn délẹ̀, wọ́n ń yáná. Akínbíyìí náà yọjú, nínú jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn bíi mátírẹ́ẹ̀sì. Ó ti ọwọ́ bọ omi, ó sáré yọ ọ́. Ó ní omi ti kú. Ó wá wo Adésànyà tó ń tiro wọ inú ẹrẹ̀.

"Sànyà, ṣé o fẹ́ ya fótò ẹja tó ń sùn ni?"

"Mo máa jí wọn ná. Èmi kì í ya ẹni tó bá dijú."

Akínbíyìí bú sẹ́rìn-ín, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Àwọn aláwọ̀n tó ń yáná gbọ́ ọ, wọ́n sì rí i tó lọ. Ṣé ẹ ti ń rí i báyìí? Ọkùnrin tó fojú ara rẹ̀ rí Adésànyà nínú ẹrẹ̀ ló padà wá ní ṣe ló ra ẹja.

Ibi tí òṣíbàtà ti pin, tí omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í jìn, ibẹ̀ ló sọ ìwọ̀ sí. Ó yọ kọ́ọ̀kì tó ń mú okùn léfòó kúrò, kí ìjẹ lè lọ sísàlẹ̀. Ó ń fà á, ó ń dúró, ó ń fà á. Oòrùn yọ, kò gbóná. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó látorí orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, ó gbé ara lé èyí tó dára. Kò sí ohun tó mú ìwọ̀. Nígbà tó yá, bó ṣe ń fa ìjẹ bọ̀ létí omi, ó rí òjìji kan lẹ́yìn rẹ̀. Ó gùn. Ó ń tẹ̀ lé ìjẹ náà láìmi apá, bí ẹni tó ń tẹ̀ lé alájàpá lọ́jà tí kò tíì pinnu pé òun máa rà. Ó tẹ̀ lé e títí dé etí ẹrẹ̀, ó dúró, ó wò ó, ó yí padà.

Ẹlòmíì ì bá ti bú. Adésànyà kàn mí sínú. Ó mọ ibi tó ń gbé báyìí. Ó tún sọ ọ́ síbẹ̀. Ẹja náà tún tẹ̀ lé e. Bó ṣe kù díẹ̀ kó tún yí padà, Adésànyà kò yọ ìwọ̀ sókè bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe. Ó ti orí ọ̀pá bọ inú omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi yí omi ká bí ìyá tó ń ro ògì fún aláìsàn, jẹ́jẹ́, kó má baà dì. Ìjẹ ń yí, ẹja ń yí tẹ̀ lé e. Lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu yẹn là.

Kí ni kí á tún wí? Ọ̀pá tẹ̀, okùn ń ké, Adésànyà kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ torí ẹsẹ̀ ò gbà á mọ́, ṣùgbọ́n kò jù ú sílẹ̀. Wáyà bíréèkì ni ò jẹ́ kí eyín yẹn gé e. Nígbà tó wọ́ ọ gun òkè, ó gùn tó apá àgbàlagbà láti èjìká dé ọmọ ìka. Ó fi súwẹ́tà rẹ̀ bò ó, ó jókòó tì í, ó sì sọ fún ẹja náà pé kó má bínú, pé òun lòun wá bá a nílé.

Ó ṣe ohun tí òfin wí. Ó gé orí ẹja, ìwọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, wáyà ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi súwẹ́tà wé e, ojú rẹ̀ ń yọ níta. Ẹni tó ń ya gbogbo ìlú ní fótò, kò rò ó pé kóun ya ti ẹja òun kó tó fọ̀bẹ kàn án. Kí ló fẹ́ fi fótò ṣe? Ẹnu àgbà ń bẹ. Ó wọ tasí dé Dùgbẹ̀, ó wọ òmíràn dé Òkè-Àdó. Ìyá kan tó jókòó tì í nínú tasí ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi yí ojú ẹran yín sọ́hùn-ún, ó ń wò mí." Ó dá a lóhùn pé kó má bẹ̀rù, pé ẹja náà ti rí ohun tó ń wá.

Bàbá Ajíbóyè ló dàgbà jù láàárín àwọn oníwọ̀. Akọ̀wé kóòtù ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, díákónì sì ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Wọn kì í lè sọ̀kalẹ̀ sí etí omi mọ́ bíi tàtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n wọn kì í pa ìpàdé jẹ. Ọmọ wọn ọkùnrin àti Ọláníkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú. Nígbà tí Adésànyà tú súwẹ́tà, Bàbá dìde lórí àga. Wọ́n fi ìka tọ́ eyín náà wò, wọ́n fa wáyà, wọ́n rí bí ìwọ̀ ṣe gún un láti inú ẹnu wá síta.

"Nínú ọyẹ́ yìí náà, Sànyà?"

"Nínú rẹ̀ náà, sà."

"Ọkùnrin ni ẹ́."

Wọ́n pe Ọláníkẹ́ pé kó fi ata àti efinrin sè é, kó má fọ́ orí rẹ̀. Ọláníkẹ́ gbà á, ó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó dúró. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àbí ẹ ò rántí pé..." Bàbá ò jẹ́ kó parí rẹ̀. Wọ́n ní ata lawọ́n sọ. Adésànyà rò pé ó fẹ́ rán wọn létí pé dókítà ò fẹ́ iyọ̀ ni. Ó jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi gbé e dé. Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn wà ní àárín orí. Bàbá Ajíbóyè jẹ orí ẹja yẹn, wọ́n fà á mu, wọ́n to àwọn eegun kéékèèké sétí àwo, imú wọn ń ṣomi látàrí ata. Wọ́n pọ́n ìka lá. Wọ́n ní, "Tó bá di ọjọ́ ìpàdé, ẹnu mi ni wọ́n máa ti gbọ́ ọ."

Adésànyà padà sí Agbowó bí ọkọ ìyàwó. Túnráyọ̀ pín ara ẹja náà fún àwọn ará ilé. Gbogbo wọn ló jẹ níbẹ̀, gbogbo wọn ló ní ó dùn. Ẹja tí kò lórí sì nìyẹn. Ta ló máa fi ṣe ẹ̀rí?

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni ìpàdé, lábẹ́ igi máńgòrò létí omi. Akínbíyìí ti dé. Òun náà ti pa Eléyín kan láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, nígbà tí omi ti dẹ̀, ẹja kékeré, kò ju ìdajì ti Adésànyà lọ. Orí rẹ̀ wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Ajíbóyè dé, gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀. Luke, oníwọ̀ kan tó ń lu dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Bàbá, ló kọ́kọ́ kí wọn. Ó ní, "Ẹ kú ààwẹ̀, sà. Ọlọ́run á gbà á." Ó wá yíjú sí àwọn tó kù, ó ní kí wọ́n rí àgbà. Ó ní láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ni gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ti ń gbààwẹ̀, Bàbá fúnra wọn ló kéde rẹ̀ látorí pẹpẹ, wọ́n sì ní ẹni tó bá fẹnu kan oúnjẹ kí oòrùn tó wọ̀, ó ti ba àdúrà gbogbo ìjọ jẹ́ nìyẹn. Ó ní arúgbó bíi Bàbá, wọn ò tíì jẹ ọ̀sán lẹ́ẹ̀kan.

Ibẹ̀ ni Adésànyà ti rántí Ọláníkẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ẹ̀rín gbé e. Ó fi ikọ́ bò ó. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ síbẹ̀. Ó ní àgbà ni wọ́n, wọ́n á mọ bí wọ́n á ṣe sọ ọ́.

Wọ́n pè é. Ó dìde, ó ní òun pa Eléyín lọ́jọ́ tí ọyẹ́ dé gan-an, orí rẹ̀ sì ti wà lọ́dọ̀ àgbà. Gbogbo ojú yí sí Bàbá. Bàbá wo ilẹ̀. Bàbá wo Luke. Wọ́n wá sọ pé, "Orí ẹja kankan ò dé ọ̀dọ̀ mi tí mo jẹ."



Adésànyà ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un rò."

"Mo ti rò ó."

Akínbíyìí ló bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti mọ̀, ẹja kì í jẹun lọ́jọ́ ọyẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn aláwọ̀n ni Sànyà ti rà á, ìyẹn ni ò ṣe ní orí. Ó gbé orí tirẹ̀ síwájú Bàbá. Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń dunni wọra. Bàbá wo ojú ìwọ̀, wọ́n ní ààwẹ̀ ò ní jẹ́ káwọn jẹ ẹ́ nísinsìnyí, káwọn oníwọ̀ kà á sí pé àwọn ti jẹ ẹ́, àwọn á jẹ ẹ́ tí ààwẹ̀ bá parí. Ó tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn. Wọ́n gbé Àpáta fún Akínbíyìí. Ṣé òfin lè tẹ̀ báyẹn? Ṣé wọn ò lè gbé orí tí Adésànyà gbé wá sórí ààrò, kí wọ́n fi iná yan án, kí wọ́n gbé e pa mọ́ títí ààwẹ̀ á fi parí? Ọ̀fun ni ò gbà.

Gbólóhùn kan ni Adésànyà ì bá sọ níbẹ̀, gbogbo nǹkan á yí padà. Luke wà níbẹ̀, ìròyìn á dé ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó ṣe ìsìn àárọ̀. Kò sọ ọ́. Nígbà tí ọkọ̀ gbá a, Bàbá Ajíbóyè yìí ló ń tẹ ọ̀pá wá kí i ní ọsibítù, tó ń bá a ṣe àwàdà títí oorun fi ń gbé e. Adésànyà ní ọwọ́ òun ò ní tú aṣọ lára wọn láàárín ọjà. Ó kó okùn rẹ̀. Ohun tó sọ kò ju pé, "Ẹja tí mo pa, mo ti pa á. Omi mọ̀ mí." Ó tiro lọ, orí rẹ̀ gbé sókè bí ìgbà tó ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kó gbé àgbọ̀n sókè.

Ọ̀sẹ̀ náà ò tíì parí nígbà tí Ọláníkẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ wá sí Agbowó, ó ní òun fẹ́ kó ya fótò pélébé. Nígbà tó ya ọmọ náà tán, obìnrin náà tú etí ìró rẹ̀, ó gbé nǹkan kan sórí tábìlì. Ìwọ̀ ni, pẹ̀lú wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ nídìí rẹ̀.

"Inú àwo ọbẹ̀ ni mo ti rí i, ẹ̀gbọ́n. Bàbá ní kí n lọ jù ú sí ààtàn. Ọwọ́ mi kọ̀ ọ́."

Adésànyà bi í bóyá ó fẹ́ kóun lọ fi han àwọn oníwọ̀.

"Mi ò ní kẹ́ ẹ fi hàn, mi ò sì ní kẹ́ ẹ má fi hàn. Ilé ọkọ ni mo wà."

Ó gbé ọmọ rẹ̀, ó lọ. Adésànyà kan ìṣó kan sára ògiri láàárín fótò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó gbé ìwọ̀ náà kọ́ síbẹ̀. Títí di òní, ibẹ̀ ló wà. Ẹni tó bá bi í, yóò ní ìwọ̀ tó mọ ọ̀nà ilé ni.

Ó gbìyànjú láti padà sínú ẹrẹ̀. Ó lọ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí ìrọ̀rí, àwọn ará ilé ló gbé e sọ̀kalẹ̀ nínú tasí. Túnráyọ̀ gbé bàtà omi rẹ̀ pa mọ́, kò sì sọ ibi tó gbé e sí. Báyìí, ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, èyí tó tún le ju ti àkọ́kọ́ lọ ti dé, irú òwúrọ̀ tí Eléyín máa ń sùn sínú òṣíbàtà, tí ẹnì kan ṣoṣo ní Ìbàdàn yìí mọ bí wọ́n ṣe ń jí i. Ẹni náà ń ya fótò ní Agbowó. Àpáta ṣófo. Akínbíyìí wà nílé, nínú jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Aláǹgbá ló ń yá oòrùn lórí Àpáta.

Adésànyà ò bínú. Ó ní omi ò lọ síbì kankan, ọyẹ́ tọdún tó ń bọ̀ á bá òun níbẹ̀, òun á sì tún pa òmíràn tó ju èyí lọ. A gbà á gbọ́, torí ó lè pa á. Ṣùgbọ́n sùúrù tirẹ̀, tirẹ̀ ni. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ yìí ló ní sùúrù, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fi ọwọ́ kan Ọláníkẹ́ torí rẹ̀.

Bàbá Ajíbóyè, ààwẹ̀ yín ti parí. Ẹ ti ṣe ìdúpẹ́, ẹ ti jẹ ìrẹsì, ẹnu yín ti ṣí. Ìpàdé ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, Luke á wà níbẹ̀, Akínbíyìí á wà níbẹ̀. Ẹ dìde dúró, kí ẹ dá wa lóhùn: ta ló jẹ orí ẹja Adésànyà?